Ìrù Idì Ló Kù

"Ààlọ́ o!"
"Ààlọ̀!"
Àlọ́ mi gbéra fìrì, ó balẹ̀ sẹ́yìn Idì, láyé ìgbà tí ẹ̀yìn Idì fẹ̀ tó àgbàlá.

Odò kún, ó ń bo erékùṣù àwọn ẹranko. Idì ló ń gbé wọn sá lọ sórí òkè. Bó bá ti balẹ̀ báyìí, Ọ̀kẹ́rẹ́ á yẹ ara Idì wò, bóyá nǹkan há sí i. Kò pẹ́ ju orin kan lọ. Ẹ gbè é dáadáa o!

Idì, na apá ọ̀tún —
Fẹ̀rẹ̀kufẹ̀!
Na apá òsì —
Fẹ̀rẹ̀kufẹ̀!
Gbé ìrù sókè —
Fẹ̀rẹ̀kufẹ̀!

Ó gbé àwọn Ehoro lọ. Ó gbé àwọn Òkété lọ. Nígbà tó padà lẹ́ẹ̀kẹta, omi ti dé àyà Ọ̀kẹ́rẹ́, òmíràn sì ń hó bọ̀ lókèèrè. Ó yẹ apá ọ̀tún wò. Ó yẹ apá òsì wò.

Ìkookò, tó ti gun ẹ̀yìn Idì, pariwo: "Ṣé orin la ó máa kọ títí a ó fi kú ni? Idì, fò!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ náà ò fẹ́ kú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ìrù ló kù."

Gbé ìrù sókè —

Ìrù ò gbé! Ìtàkùn tí omi wọ́ wá ti so ó mọ́ kùkùté. Ọ̀kẹ́rẹ́ ki eyín bọ̀ ọ́, ó gé e, ó gé e, ó já! Ó fò gun Idì. Bí wọ́n ṣe gbéra ni omi gbá kùkùté náà lọ.

Wọ́n dé òkè, wọ́n bá gbọ́ igbe Ọ̀bọ láti orí igi ní erékùṣù lọ́hùn-ún. Idì ti ń na apá láti lọ, ni Ìkookò bá dì í mú:

"Dúró! Idì, na apá ọ̀tún..."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò ní gbè é ni?