Àwẹ̀ró Wá Igbá Ìyá Rẹ̀ Lọ sí Ihò Òkété

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ò dáhùn dáadáa. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó gbé e mì ná. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí gbirigbiri, ó dúró lẹ́nu ihò Òkété. Ó bá Àwẹ̀ró níbẹ̀, ọmọ ìyá tó ń rán igbá.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń ná ọjà kan náà, obìnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ igbá rírán. Bí igbá ẹnikẹ́ni bá ya, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Yóò fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ya, yóò fi okùn fà á pọ̀, igbá yóò tún di igbá. Wọ́n ní omi kì í gba ojú okùn rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní òfófó pàápàá kò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Obìnrin náà kú. Ó fi ọkọ sílẹ̀, ìyẹn Bàbá Àlàmú. Ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, ìyẹn Àwẹ̀ró. Ó fi igbá kan sílẹ̀, èyí tí bàbá fi ń mu ẹ̀kọ láràárọ̀. Igbá náà ti dúdú. Ó ti ya lójú mẹ́ta, wọ́n sì ti rán an lójú mẹ́ta. Méjì nínú rẹ̀ tò rẹ́gírẹ́gí bí eyín ọmọdé. Ẹ̀kẹta wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí alángbá tó mu ẹmu yó.

Igbá yìí ń ti Àwẹ̀ró lójú. Bí àlejò bá wọlé, á sáré fi ewé bò ó.

Ní ọjọ́ kan, Òkété ń kiri kọjá. Òkété ló ń ra ohun ògbólógbòó nígbà náà. Ó gbé àpò kọ́ ọrùn, ó ń pariwo pé, "Èyí tó gbó, èyí tó fọ́, èyí tó ti sú yín! Ẹ gbé e wá, kí ẹ gba tuntun!"

Àwẹ̀ró yọjú. Òkété na igbá kan sókè, ó funfun bí ẹyin. Inú Àwẹ̀ró dùn. Ó gbé ti ìyá rẹ̀ fún Òkété, ó gba tuntun. Ó jó wọlé, ó jó yí ààrò ká, ó jó lu ìkòkò.

Ilẹ̀ mọ́. Ó bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú igbá tuntun. Wọn kò tíì rẹ igbá náà sómi, wọn kò tíì fá inú rẹ̀, ó sì korò bí ewúro. Bàbá fẹnu kàn án, ó tu ú dànù. Adìẹ kan ṣa díẹ̀ níbẹ̀. Adìẹ náà wo bàbá bí ẹni pé bàbá ló ṣẹ̀ ẹ́.

"Àwẹ̀ró, igbá ìyá rẹ dà?"

"Bàbá mi, mo ti fi ṣe pààrọ̀. Ẹ ò rí bí èyí ṣe mọ́ tó?"

Bàbá kò bá a jà. Ó kọjú sí ògiri. Ó ní, "Bí n kò bá rí igbá yẹn, n kò mu ẹ̀kọ mọ́."

Àwọn ará ilé rò pé eré ni. Wọ́n yá igbá aládùúgbò, bàbá kọjú sí ògiri. Wọ́n bu ẹ̀kọ sínú àwo, bàbá kọjú sí ògiri. Wọ́n pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀ títí, ó mu ẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀, ó lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì lójúmọ́ ni bàbá ń jẹ. Aṣọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò léjìká. Àyà Àwẹ̀ró já. Ó ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá. N kò ní sin bàbá."

Ó sáré lọ sí ẹnu ihò Òkété, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Òkété, fún mi nígbá mi o,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀jẹ̀!*
Igbá tí ìyá mi fi sílẹ̀,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀jẹ̀!*
Ojú mẹ́ta ni igbá fi ya,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀jẹ̀!*
Ojú mẹ́ta la rán an pọ̀,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀jẹ̀!*
Bàbá mi ò mu ẹ̀kọ mọ́ o,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀jẹ̀, igbá, kẹ̀rẹ̀kẹ̀jẹ̀!*

Ojú tì í láti fi ti ẹ̀kẹta tó wọ́ sínú orin.

Òkété yọ irùngbọ̀n síta. Ó ní, "Igbá pọ̀ nínú ihò mi bí èèrà. N kò mọ èwo ni tìrẹ. Òfin ihò wa sì nìyí: ẹni tó bá fẹ́ gba ohun rẹ̀ padà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa yàn. Bó bá ṣì í yàn, èyí tó yàn ló máa gbé lọ. Ṣé o mọ ohun tó gbó yàtọ̀ sí ohun tó dọ̀tí?"

"Bàbá Òkété, n kò mọ̀ ọ́n."

"Nígbà náà, wá fi ọjọ́ ọjà mẹ́ta kọ́ṣẹ́."

Ní ọjọ́ ọjà kìíní, Òkété kọ́ ọ bí a ṣe ń dá ohun àtijọ́ mọ̀. Ó ní, "Gbóòórùn rẹ̀. Fọwọ́ wọn ìwúwo rẹ̀. Wá ibi tí ọwọ́ èèyàn ti máa ń dì í mú." Orí Àwẹ̀ró wú. Bó ti ń lọ sílé, ó ń gbóòórùn ilẹ̀kùn, ó ń gbóòórùn odó, ó ń gbóòórùn ewúrẹ́. Ó dé ilé, ó gbóòórùn orí bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, àtijọ́ gidi ni yín!" Ẹ̀rín fẹ́ pa bàbá. Ó rántí pé òun ń bínú sí ẹ̀kọ, ó kọjú sí ògiri.

Ní ọjọ́ ọjà kejì, Òkété kọ́ ọ bí a ṣe ń tún ohun àtijọ́ ṣe. Ó gbé àpótí ìjókòó kan fún un, ẹsẹ̀ kan ti yẹ̀. Àwẹ̀ró kan ẹsẹ̀ náà padà. Ó dára. Ó yẹ kó dúró síbẹ̀. Kò dúró. Ó já ewé ìpín tí wọ́n fi ń fá igbá, ó fi ha àpótí náà, ó ha á, ó ha á, títí ó fi funfun bí lékeléke.

Òkété dé, ó di orí mú. "Yéè! Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fá dànù?"

"Ìdọ̀tí ni, Bàbá Òkété."

"Ìdọ̀tí kẹ̀? Ogójì ọdún tí bàbá kan fi jókòó ni! O ti nu ìdí bàbá onílé kúrò lórí àpótí! Ohun tó yẹ̀ là ń tún ṣe. Ohun tí ayé ti kọ sára nǹkan, a kì í pa á rẹ́."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́.

Ní ọjọ́ ọjà kẹta, ó kọ́ rírà àti títà. Ọ̀bọ gbé àpótí kan wá, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní, "Arẹwà, ti baba ńlá mi nìyí. Ẹ fún mi ní òdidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta."

Àwẹ̀ró gbóòórùn rẹ̀. Èéfín àná ni. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fọwọ́ pa abẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀bọ, òkè dán, abẹ́ náà dán. Ta ló ń jókòó sí abẹ́ àpótí?"

Ọ̀bọ họ orí. "Ní ìdílé tiwa, à ń jókòó sí ìhà méjèèjì."

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀bọ gbé àpótí rẹ̀, ó ń lọ, ó ń kùn pé ẹ̀kọ́ ti pọ̀ jù láyé.

Ìrọ̀lẹ́ dé. Àkókò tó láti yàn. Òkété tẹ́ igbá jáde lẹ́nu ihò. Ogójì igbá! Gbogbo wọn dúdú. Gbogbo wọn ni wọ́n rán lójú mẹ́ta.

Àwẹ̀ró kígbe, "Ibo ni ìwọ̀nyí ti wá?"

Òkété ní, "Orin rẹ ló bí wọn. O ń kọ ọ́ lọ sọ́jà, o ń kọ ọ́ bọ̀. Ẹtu gbọ́, Ọ̀yà gbọ́, Ọ̀bọ gbọ́. Wọ́n fọ́ igbá wọn, wọ́n rán an, wọ́n fi sí òkè ààrò. Mo sì rà wọ́n, torí èmi kì í kọ ọjà. Ohun tí a bá kígbe pé à ń wá, ọjà á bí ogójì irú rẹ̀. Ó yá, yan ọ̀kan."

Àwẹ̀ró gbóòórùn wọn. Èéfín ti bò wọ́n. Ó wọn ìwúwo wọn. Wọ́n dọ́gba. Ó wá ọwọ́ ìyá rẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ bí ìyá náà ṣe ń rán igbá, gbogbo ayé ló sì ti sapá láti rán an bẹ́ẹ̀. Ó gbé èyí tó rẹwà jù. Ó ya ẹnu láti sọ pé, "Èyí ni."

Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ọ̀kan ní ìkangun. Ojú méjì tò. Ẹ̀kẹta wọ́ kọ́lọkọ̀lọ.

Òkété ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó rán an kò mọṣẹ́."

Àwẹ̀ró fi ìka tọ ojú tó wọ́ náà. Ó rántí. Ó kéré nígbà yẹn, ó jókòó sáàárín orúnkún ìyá rẹ̀. Ìyá kó irin àti okùn lé e lọ́wọ́. Àwẹ̀ró rán ojú kẹta igbá náà, ó wò ó, ó bú sẹ́kún pé òun fẹ́ tú u. Ìyá ní, "Má tú u. Ṣé ó ń jò ni?"

Ó gbé igbá náà mọ́ àyà.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá Òkété. Èmi ni mo rán an."

Ó sáré, ó ń kọrin lọ sílé, *kẹ̀rẹ̀kẹ̀jẹ̀, igbá, kẹ̀rẹ̀kẹ̀jẹ̀!* Ó bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú rẹ̀. Bàbá yí padà kúrò lára ògiri. Ó fi àtàǹpàkò lé ojú tó wọ́, ó mu ún, ó mu ún, ó lá ìdí igbá.

Ó ní, "Ibí yìí ni mo máa ń dì mú. Ìyá rẹ ló fi hàn mí pé ọmọ wa rán igbá."

"Bàbá mi, kò dára o."

"Ta ló béèrè pé kó dára? Bu òmíràn wá."

Àwẹ̀ró di olówò ohun àtijọ́. Ó ń rà, ó ń tún un ṣe, ó ń tà. Àmọ́ bí o bá nawọ́ sí igbá kan báyìí lókè ààrò rẹ̀, yóò ní ó ti ní ẹni tó ni ín.

Ààlọ́ mi kọ́ wa pé kí á mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa kí á tó fi ṣe pààrọ̀. Ó kọ́ wa pé ohun tó ń tì wá lójú lára ogún wa lè jẹ́ ibi tí ọwọ́ tiwa gan-an wà. Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí. Bí mo bá purọ́, kí igbá ẹ̀kọ mi máa jò. Ẹ wò ó: kò jò.