Afárá Ìta-Odò Tí Wọ́n Pa Lẹ́nu Mọ́

"Afárá tó ń ké kọ́ ló ń wó, èyí tó dákẹ́ ni ká yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò." Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà rí, àbí? Ṣùgbọ́n ta ló mọ afárá tó kọ́kọ́ dákẹ́, àti ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́?

Afárá onírin àtijọ́ kan wà ní Ìta-Odò. Ọ̀pá irin ni wọ́n fi hun ún ní onígun mẹ́ta mẹ́ta, bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀. Ìlú wà lápá kan rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà lápá kejì. Bàbá Dúrójayé, alágbẹ̀dẹ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ló ń tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ẹni tí Ọlọ́run bá mú la odò kọjá láìrì, ó yẹ kó fi gíríìsì dúpẹ́.

Ariwo nìkan ni àléébù afárá náà. Ẹsẹ̀ kì í kàn án kó má ké: "Kíẹ́ẹ́-kíẹ́ẹ́!" Ẹni tó bá pẹ́ dé ìsìn, gbogbo ìjọ á ti gbọ́ ọ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Díákónì Olúgbọ́dì ni ọ̀gá àwọn apẹ́lẹ́yìn, ojú sì ń tì í. Nígbà tí Bàbá Dúrójayé lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bímọ, díákónì kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Wọ́n po sìmẹ́ǹtì, wọ́n dà á sí ìdí afárá, níbi tí igbe ti ń jáde. Afárá dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n tilẹ̀ kọrin ọpẹ́ lé e.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú àjọ̀dún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Dúrójayé dé. Ó gun afárá, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dúró bí ẹni tó kí ọ̀rẹ́ tí ọ̀rẹ́ kò dáhùn.

"Ta ló di afárá yìí lẹ́nu?"

"Èmi ni, Bàbá," ni Olúgbọ́dì wí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹ ti ń fi gíríìsì pa á láti ọjọ́ yìí, kò gbọ́. Ọjọ́ kan péré ni mo fi wò ó sàn."

"O wò ó sàn, àbí o sin ín láàyè?"

Bàbá fà á sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ afárá. "Wo àwọn irin róbótó tí o fi sìmẹ́ǹtì bò yìí. Bí oòrùn bá mú irin, ṣe ló ń gùn sí i. Orí wọn ni afárá ti ń rìn síwá sẹ́yìn. Ìrìn yẹn lẹ̀ ń pè ní igbe. O ti dè é lẹ́sẹ̀! Kò ríbi nà sí mọ́, òpó tó gbé e dúró ló ń tì."

"Ẹ̀yin náà, Bàbá! Kò ṣáà mì."

"Mú ìwé orin rẹ wá."

Bàbá ti ìwé náà sí ibi tó ti là lára òpó òkúta tí afárá gbé ẹsẹ̀ lé. Ìwé wọlé tán, a kò rí èèpo rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu díákónì.

"Yéè! Lọ́rì iṣu ìkórè ti ń bọ̀!"

"Kí lo wá dúró ń wò? Sáré!"

Ẹni tí kì í tètè dé ibi kankan, ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ ṣáájú. Ó na apá méjèèjì síwájú lọ́rì, ó ń ké tantan bí afárá fúnra rẹ̀. Lọ́rì dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta sí etí odò. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kó iṣu kọjá, ìkórè sì dùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi tún afárá ṣe. Díákónì fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ sìmẹ́ǹtì náà. Wọ́n fi ọ̀já irin gbá òpó mọ́ra, wọ́n fi gíríìsì pa àwọn irin róbótó. Nígbà tí Bàbá tún gùn ún, "kíẹ́ẹ́!", ìlú pàtẹ́wọ́. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àdúrà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ "kíẹ́ẹ́-kíẹ́ẹ́." Díákónì ló ń bọ̀. Bàbá Dúrójayé kò dúró kí àdúrà parí tó fi ké pé, "Àmín!"

Nítorí náà, bí ọmọ bá ń ráhùn, tàbí tí aya ń ṣàròyé, tí ẹnì kan sì fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́, òwe yìí ni àgbà máa ń pa fún un. Ẹni tó ń sọ ibi tó ń dùn ún fún ọ kò tíì já ọ sílẹ̀. Èyí tó dákẹ́ ni kó o dìde, kó o lọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.