Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Nílé Búrẹ́dì

Ọkùnrin kan wà tó ní ilé búrẹ́dì, tí kì í sọ odindi ọ̀rọ̀ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Inú ilé tí wọ́n ti ń fi ojú bá ọmọ wí ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó sì gbà pé ẹni tó bá ń la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún àgbàlagbà kò bọ̀wọ̀ fún un ni. Bí ilẹ̀ bá dọ̀tí, yóò ní, "Àwọn eṣinṣin yìí mà ń gbádùn o." Ẹnì kan yóò sì sáré mú ìgbálẹ̀. Bí búrẹ́dì bá tó yọ nínú ààrò, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò fa imú, yóò ní, "Òórùn yìí mà dùn o." Kíá, wọ́n á ti ṣí ààrò. Ará ìlú rẹ̀ ni gbogbo wọn nígbà náà, wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí iṣẹ́ gbòòrò, ó gba àwọn tó wá láti ibòmíràn. Ọ̀kan nínú wọn wá láti agbègbè etí omi, baálé ilé tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó gbọ́ Yorùbá bí ẹni mu omi, ọwọ́ rẹ̀ sì yá níṣẹ́. Wọ́n fi í sídìí ààrò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá dé ẹnu ọ̀nà, ó fa imú. "Òórùn yìí mà dùn o."

"Ó dùn gan-an, sà," ni ọkùnrin náà dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì fọwọ́ kan ààrò.

Ọ̀gá wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó lè ní kí ó ṣí ààrò, ẹnu rẹ̀ kò kúkú di, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí i, búrẹ́dì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ilé ìwé tó fẹ́ rà á kọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀. Inú bí ọ̀gá. Ó ní olóríkunkun ni ọkùnrin yìí, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn tó kù. Ó pinnu láti lé e.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mú èèyàn wá là ń sọ fún kí a tó lé e. Ní ọjọ́ Àìkú, ó gbéra lọ sí etí omi, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá ọkùnrin náà, tó ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú ọ̀gá kí ó tó ráyè sọ̀rọ̀: àkàsà àti ẹja yíyan. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá ṣẹ́ oúnjẹ kù nílé onílé kò mọyì ẹni tó sè é. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fá àwo. Ìyá ilé, ìyàwó onígbọ̀wọ́, wo àwo, ó gbé e wọlé, ó bù ú kún. Ó tún jẹ ẹ́ tán. Wọ́n tún bù ú kún. Òógùn bò ó. Ó tú bọ́tìnnì, ó fọwọ́ pa ikùn, ó ní, "Ìyá, oúnjẹ yìí mà dùn o." Inú ìyá dùn, ó fi ẹja kan sí i.

Nígbà tó rí i pé ikùn òun fẹ́ bẹ́, ó la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. "Ìyá, mo bẹ̀ yín, mo ti yó. Ẹ má bù ú wá mọ́."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá yó a máa ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ẹ̀yin ń fá àwo, mo ní ebi mà pa bàbá yìí o. Ẹja tí mo lọ yá nílé kejì lẹ ti ń jẹ báyìí. Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà náà ló rántí òórùn búrẹ́dì, ojú sì tì í. Nígbà tí onígbọ̀wọ́ bi í pé kí ló gbé e wá, ó ní òun wá kí wọn kú ewu ọmọ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe òṣìṣẹ́ rẹ̀ jókòó. "Nígbà tí mo ní òórùn náà dùn, kí lo rò pé mo ń sọ?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Mo rò pé ẹ ń yin iṣẹ́ mi ni, sà. Mo wá fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i, kó lè dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀gá dé ọkàn. Ẹni tó ń sapá láti tẹ́ ẹ lọ́rùn ni ó ti fẹ́ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. "Láti òní lọ," ó ní, "bí mo bá fẹ́ kí o yọ búrẹ́dì, màá ní kí o yọ ọ́. Bí ohun tí mo sọ kò bá yé ọ, bi mí. Mi ò ní kà á sí àfojúdi." Búrẹ́dì kò jó mọ́ níbẹ̀, àfi ọjọ́ tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ dúró sídìí ààrò tó ń tàkúrọ̀sọ.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, tí wọ́n fi ṣe olórí níbi iṣẹ́, tí ará Ìbàdàn, ará Kánò àti ará Ẹnúgu jọ ń bá ọ ṣiṣẹ́, mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ ọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àárín àwọn tó jọ dàgbà ni àbọ̀ ti ń tètè di odindi. Èyí tí ò ń pè ní olóríkunkun yẹn, ọmọlúàbí ni, ó sì ń retí ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ. Bí o bá débi iṣẹ́ lọ́la, sọ ọ́ fún un.