Gíramafóònù Orí Àkísà

Sifáwù, opó Àjàgbé, ló ń ta ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà lẹ́bàá tẹ́ṣàn rélùwéè ní Òfà. Àjàgbé kò fi ilé sílẹ̀, kò fi oko sílẹ̀. Gíramafóònù kan ló fi sílẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí kó tó kọrin. Kòkòrò ti jẹ pákó rẹ̀, ìdérí rẹ̀ ti sọnù, orí òkìtì àkísà ló sì jókòó sí: ṣòkòtò tí Àjàgbé fi ń roko, ìró tí Sifáwù fi pọn gbogbo ọmọ rẹ̀, àti ẹ̀wù kan tí eku ti jẹ lọ́rùn. Kí ọkùnrin náà tó kú, ó ní, "Má gbé e kúrò lórí àkísà yẹn o." Sifáwù kò bi í léèrè ìdí. Ó rò pé nítorí ikán ni.

Orin gíramafóònù yìí ni àwọn alábàárù tó ń ru ẹrù ní tẹ́ṣàn ń tẹ̀lé wá sídìí àkàrà. Ẹni tó bá jókòó gbọ́ orin, ebi á pa á. Ohun tí Sifáwù fi ń jẹun nìyẹn.

Àfi bí Àkànjí ṣe ti Kánò dé. Irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù tán, ṣùgbọ́n àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́ ló ń pààrọ̀ aṣọ, gbogbo rẹ̀ ló sì fi sitáàṣì lọ̀ tí ó dúró gbagidi. Ó ṣí ìsọ̀ tíì àti búrẹ́dì sí iwájú Sifáwù gan-an, ó gbé gíramafóònù tuntun kalẹ̀ sórí tábìlì onígíláàsì. Bátìrì ló ń lò. Ó fẹ́lẹ́ bí àtẹ, ó ń dán débi pé èèyàn lè wò ó fá irùngbọ̀n.

"Ìyá Alákàrà, ẹ kú ewu ọmọ o!" Àkànjí ké láti òdìkejì. "Àbí gíramafóònù yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, tẹ́ ẹ fi tẹ́ àkísà sábẹ́ rẹ̀?"

"Ó bímọ," ni Sifáwù dá a lóhùn. "Ìwọ lọmọ náà. Máa bọ̀ wá mu ẹ̀kọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í ra àkàrà. Ká sòótọ́, ti Àkànjí mọ́ létí. Ti Sifáwù ń ta pàràpàrà, èèyàn kì í mọ̀ bóyá àkàrà inú agbada ló ń dún ni tàbí àwo orin. Bàbá Lámidì, olórí àwọn alábàárù, a máa sọ pé ohùn ti àtijọ́ ki bí ògì tó jinná, bí ẹni pé olórin jókòó tini ni. Ti tuntun mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣàn bí omi tíì. Síbẹ̀, ìdí tíì náà ló ti ń sọ ọ́.

Nígbà tó yá, bàbá náà ní, "Ó sú mi kí àwọn ọmọ mi máa pín sí méjì. Lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ̀yin méjèèjì fi àwo kan náà kọrin fún wa. Ẹni tí orin rẹ̀ bá mú wa jó dópin, ìdí rẹ̀ la ó ti máa jẹun."

Sifáwù ro ọ̀rọ̀ náà wò. Bí àwọn alábàárù bá lọ, igbá àkàrà yóò padà sórí, orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó kò sì lè kiri mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú àkísà wá ń tì í. Ó fà wọ́n yọ, ó fọ̀ wọ́n, ó sá wọn sórí okùn, ó gbé gíramafóònù sórí tábìlì lásán kó lè jọ ohun gidi. Ó ń dán an wò lọ́wọ́ ni ọkọ̀ ojú irin ẹlẹ́rù kan kọjá. Ilẹ̀ mì, abẹ́rẹ́ fò kúrò lójú àwo, orin já.

"Yéè! Àjàgbé! Kì í ṣe ikán lo ń wí!"

Òòrùn mú dáadáa. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àkísà ti gbẹ, ó ti padà sí àyè rẹ̀.

Àkànjí ló kọ́kọ́ gbé orin sí i. Ó dùn! Àwọn alábàárù dìde jó, Bàbá Lámidì sì ké pé, "Sifáwù, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́!" Ẹnu rẹ̀ lọ̀rọ̀ náà wà tí ọkọ̀ Kánò fi wọlé. Tábìlì gbọ̀n, abẹ́rẹ́ ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Olórin tó ń ki ìyàwó dédé bẹ̀rẹ̀ sí í dárò òkú. Ẹni tó gbẹ́sẹ̀ sókè kò mọ ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Àkànjí rọ̀ mọ́ tábìlì bí ẹni di màlúù mú.

"Ọkọ̀ ojú irin ni! Ẹ̀bi mi kọ́!"

"Ọmọ mi, tẹ́ṣàn la wà," ni bàbá wí. "Ṣé ká bẹ ọkọ̀ kó máa yọ́ rìn ni?"

Sifáwù yí tirẹ̀. Ọkọ̀ náà ṣì ń fà síwá fà sẹ́yìn, ilẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò mira. Ó ń ta pàràpàrà, ó ń kọ ọ́ lọ, wọ́n jó o dópin.

Àkànjí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ gíramafóònù Sifáwù, ó rí àkísà. Ó sáré délé, ó gbé àpótí aṣọ dé. Ó ṣẹ́ dàmáásíìkì sábẹ́ gíramafóònù rẹ̀, ó ń yọ̀ bí ilá. Ó ṣẹ́ léèsì sí i, sitáàṣì gbé e ró gbagidi bíi pákó. Ó tú àpótí dé ìdí. Kò sí èyí tó gbó níbẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ gbì. "Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ yá mi ní àkísà díẹ̀."

"Fa ọ̀kan ya nínú tìrẹ."

"Háà! Dàmáásíìkì?" Ó gbá a mọ́yà.

"Bó o tilẹ̀ fà á ya, aṣọ yíya ni, kì í ṣe àkísà. Ṣé o rí tèmi yìí? Ọkọ mi fi roko, mo fi pọn ọmọ. Lọ fi tìrẹ náà pọn ọmọ."

"Ọkùnrin ni mí, Ìyá."

"Mo rí i. Yóò pẹ́ díẹ̀ nìyẹn."

Bàbá Lámidì ti na àwo ẹ̀kọ sí Sifáwù. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ọ̀dọ́ bá ń fi ohun tuntun yangàn, àwọn àgbà á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á pa á lówe pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.