Ìdí Tí Èèmọ́ Fi Ń Gun Ẹsẹ̀ Ẹni Tí Kò Pè É

Nígbà láéláé, Èèmọ́ kì í lẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ lè rin igbó láti àárọ̀ dalẹ́ kí aṣọ yín mọ́ tónítóní. Ó ní ìkọ́ méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kò sì rí nǹkan kan fi wọ́n kọ́. Ó kàn jókòó sẹ́bàá ọ̀nà bí ọba tí kò nílùú.

Láyé ìgbà yẹn, ìyàwó tuntun kan wà, Àwẹ̀ró lorúkọ ẹ̀. Orúnkún ń dùn ún, ó wú bí àgbọn, kò lè kúnlẹ̀. Ìyàwó tí kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ!

Ìyá ọkọ yìí sì láàánú púpọ̀. Ó ní, “Ìyàwó, mi ò bínú rárá. Tó bá fi dọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó ò tíì kúnlẹ̀ kí mi, kẹ́rù ẹ padà sílé bàbá ẹ.”

Kí ló wà nínú orúnkún ọ̀hún? Ìlú kékeré kan ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ ọ. Apariwo ń kígbe “Ọ̀tá dé!” tí àìsàn bá fẹ́ wọlé. Agbálẹ̀ náà wà ńbẹ̀, bàbá arúgbó tójú ẹ̀ ti fọ́. Ohunkóhun tọ́wọ́ Agbálẹ̀ bá bà, á kùn ún lẹ́fun, á lọ̀ ọ́ kúnná lórí ọlọ.

Lọ́jọ́ kan, orí Apariwo dàrú. Ó rí Eegun orúnkún, Eegun tí wọ́n jọ ń gbé láti kékeré, ó figbe ta: “Ọ̀tá dé!”

Àwọn ẹ̀ṣọ́, ọlọ́gbọ́n orí, ò béèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n yọ àdá, wọ́n ń ṣá Eegun.

“Ẹ gbà mí o! Ará ilé yín ni mí!” Eegun ń ké.

“Bí gbogbo ọ̀tá ṣe ń wí nìyẹn,” àwọn ẹ̀ṣọ́ dá a lóhùn.

Àwẹ̀ró mu àgbo kan. Àgbo náà fi okùn di Apariwo lẹ́nu. Ó dára, àbí? Kílẹ̀ tó mọ́, Apariwo ti jẹ okùn tán. Àwẹ̀ró mu òmíràn. Ìyẹn mú gbogbo ẹ̀ṣọ́ sùn fọnfọn. Orúnkún fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n Ikọ́ bá ẹnubodè ní ṣíṣí, ó wọlé, ó tẹ́ ẹní.

Ọ̀la lọjọ́ ọjà. Àwẹ̀ró jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń sunkún.

“Ẹ kú ìnira, ìyàwó.”

“Ta nìyẹn?”

“Èmi Èèmọ́ tẹ́ ẹ jókòó lé ni. Ẹ gbé mi mì, màá tún orúnkún yín ṣe. Mo lọ́wọ́ méjì, mi ò ríṣẹ́ fún wọn.”

“Kí ni wàá gbà?”

“Kékeré ni. Kí n máa gun ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá kọjá, láì béèrè.”

“Ẹnikẹ́ni? Gun gbogbo ayé!”

Àwẹ̀ró ọlọ́wọ́ fífẹ̀! Ó fi ẹsẹ̀ èmi àti ẹ̀yin tọrẹ, ó wá fi omi gbé Èèmọ́ mì.

Èèmọ́ dé orúnkún. Ó fi ìkọ́ ọ̀tún kọ́ Apariwo láṣọ. Ó wọ́ ọ tuurutu, ó fi ìkọ́ òsì kọ́ Agbálẹ̀.

“Kí lọwọ́ mi bà yìí?” Agbálẹ̀ béèrè.

“Bàbá, èmi ni! Apariwo ni!”

“Gbogbo ìdọ̀tí ló lórúkọ,” Agbálẹ̀ wí. Ó kùn ún lẹ́fun, ó gbé e sórí ọlọ, ó lọ̀ ọ́.

Ìkọ́ Èèmọ́ ò ṣẹ́. Àbúrò Apariwo dìde láti kígbe, Èèmọ́ kọ́ òun náà. Ó kọ́ ìkẹta wọn fún Agbálẹ̀. Ìlú pa lọ́lọ́. Nígbà táwọn ẹ̀ṣọ́ jí, wọn ò gbọ́ ariwo mọ́. Ikọ́ nìkan ni wọ́n rí, wọ́n sì lé e jáde. Ẹ ò rí i, wọ́n tún lè ṣe nǹkan gidi.

Lọ́jọ́ ọjà, Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ gbì níwájú ìyá ọkọ.

Ìyá wò ó títí. “O ò pẹ́ nílẹ̀ tó,” ló wí. “Wọlé, kóo lọ dáná.”

Àwọn dókítà tó ti kàwé títí irun fi re lórí wọn ṣì ń wá irú oògùn ọlọ́wọ́ méjì bẹ́ẹ̀: kó fi ọwọ́ kan di oníjàngbọ̀n inú ara mú, kó fi èkejì di agbálẹ̀ inú ara mú. Èmi tí mo sá kúrò ní pírámárì kejì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Èèmọ́ gba ibi tí oúnjẹ ń gbà jáde, ẹ má bi mí, ó sì pe gbogbo ọmọ ẹ̀ jọ láti gbowó iṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni Èèmọ́ ti ń gun ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó bá kọjá. Tẹ́ ẹ bá já a kúrò láṣọ, á lẹ̀ mọ́ ìka yín. Ẹ má bú u. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ yín san owó orúnkún ẹlòmíràn.