Ẹ̀jẹ̀ Ẹnìkan Kò Tó Dá Ẹjọ́

Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni, ìlú Ìkìrun ló ń gbé. Ó fẹ́ obìnrin kan tó níwà, ṣùgbọ́n ọmọ ò tètè dé. Oyèkànmí, jókòó dáadáa kí o gbọ́ mi. Mo mọ ohun tó gbé ọ wá, mo sì mọ ìwé tó wà lápò rẹ.

Nígbà tí wọ́n retí títí, tọkọtaya náà lọ rí dókítà. Dókítà ní kí ìyàwó lọ ṣe oríṣiríṣi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí èsì dé, wọ́n rí i pé ara rẹ̀ ti pàdé hépíìsì, kòkòrò àìfojúrí tó sábà máa ń ràn nípa ìbálòpọ̀, tó sì máa ń mú egbò wẹ́wẹ́ yọ lójú ara. Obìnrin náà ní òun ò mọ ọkùnrin mìíràn. Egbò kankan ò sì yọ sí i lára rí.

Kí ọkọ tó ronú jinlẹ̀, ìyá rẹ̀ ti gbọ́. Àwa ìyá ọkọ, ẹ kú iṣẹ́! Ìyá náà ní àwọn ò gba alágbèrè nílé àwọn. Ó kó ẹrù ìyàwó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀.

Ibi tí ọkùnrin yìí ti wù mí nìyí. Inú bí i, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n kò na ìyàwó rẹ̀, kò sì bú u. Ó ní kó ṣì dúró ná, ó padà sọ́dọ̀ dókítà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìwé yìí lè sọ ẹni tó kó o ràn án?"

Dókítà ní kò lè sọ ọ́. Ó ní àwọn ọmọ ogun tí ara fi ń bá kòkòrò náà jà ni àyẹ̀wò rí. "Ìdí ìkòkò tó bá dúdú, ó ti gun iná rí. Kò lè sọ ọjọ́ tó gun iná, kò sì lè sọ ẹni tó dá iná náà." Ó ní ó lè ti wà lára èèyàn kó tó ṣègbéyàwó, kí olúwarẹ̀ má mọ̀ rárá. Nígbà mìíràn pàápàá, bí èsì náà ò bá dá wọn lójú tó, àfi kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹnikẹ́ni ò bẹ ọkùnrin náà, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n gba tòun náà. Nígbà tí èsì tirẹ̀ jáde, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti ìyàwó.

Oyèkànmí, ibi tó le nìyí. Òun àti dókítà nìkan ló mọ̀, dókítà ò sì ní sọ. Bó bá fa ìwé yẹn ya, ìyàwó á lọ, ìyá á wá òmíràn fún un, orúkọ tirẹ̀ á sì mọ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ì bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì tún máa gba "pẹ̀lẹ́" kiri àdúgbò.

Ó délé, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, ohun tó wà lára rẹ̀ wà lára èmi náà. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ní i nínú wa, dókítà náà ò mọ̀. Bó bá jẹ́ torí ẹ̀ lẹ ṣe kó ẹrù rẹ̀ jáde, ẹ bá mi kó tèmi náà síta."

Ìyá dìde, ó gbé àpótí ìyàwó, ó gbé e padà sí yàrá. Kòkòrò náà kì í tán lára, ṣùgbọ́n oògùn wà tó ń ká a lọ́wọ́ kò, àwọn méjèèjì sì jọ ń lò ó nígbà tó bá yẹ. Ọkùnrin gidi nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọmọ mi ni, ǹ bá máa fi yangàn.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èsì ìyàwó rẹ lo mú wá fún mi yìí. O ti kà á, o ti bínú, o ti ní kó máa lọ sílé wọn. Ó dáa. Ẹ̀jẹ̀ tìrẹ ńkọ́, ta ló ti yẹ̀ ẹ́ wò?