Ìyá Tó Gba Ìlẹ̀kùn Àgbàlá Jáde

Obìnrin kan wà nínú agbo-ilé ńlá kan, ó ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo. Ládàpọ̀ ni orúkọ ọmọ náà. Bíríkìlà ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í lè pa ọ̀rọ̀ mọ́nú. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń ṣe ìpàdé ilé, ó dìde, ó béèrè ìdí tí wọ́n fi máa ń ti kànga mọ́ gbogbo èèyàn títí ẹ̀ka ilé baálé yóò fi pọn omi tiwọn tán. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Baálé kò rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé wá pè é pé baálé ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ. Ó tẹ̀lé wọn. Kò padà wá.

Ìyá rẹ̀ lọ bá baálé. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó ní, "Bàbá, mo wá béèrè ọmọ mi."

"Ó ti rìnrìn àjò," ni baálé wí. "Ṣé kò dágbére fún ọ ni?"

"Kò dágbére, Bàbá. Oúnjẹ rẹ̀ ṣì wà lórí iná nígbà tó jáde."

"Bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń ṣe nìyẹn. Lọ fọkàn balẹ̀."

Ó tún lọ, wọ́n ní baálé ń sùn. Ó tún lọ, wọ́n ní baálé ní àlejò. Ó bi àwọn ẹ̀ṣọ́ léèrè, ọ̀kan nínú wọn sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ìyá Ládàpọ̀, bóyá ó lọ fẹ́yàwó, tí kò fẹ́ kí ẹ wá jẹun níbẹ̀." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ó lọ bá àwọn àgbà ilé, wọ́n ń wo ilẹ̀. Nígbà náà ni ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò dá òun lóhùn nínú ilé náà.

Ilé náà kò dá wà. Àwọn agbo-ilé mìíràn wà nítòsí rẹ̀, ńlá àti kékeré, gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí àgbàlá kan náà. Èdè wọn kò dọ́gba, oúnjẹ wọn kò dọ́gba, wọ́n sì ti bá ara wọn jà rí nítorí ààlà. Ṣùgbọ́n nígbà ayé àwọn baba wọn, olórí ilé kan ti ọkùnrin kan mọ́ yàrá. Ọkùnrin náà ń ké, gbogbo ilé tó yí àgbàlá ká sì ń gbọ́. Olúkúlùkù ń sọ pé kì í ṣe ilé òun. Nígbà tí igbe náà dákẹ́, wọn kò lè wo ojú ara wọn mọ́.

Ìyẹn ló mú kí wọ́n péjọ, tí wọ́n sì dá májẹ̀mú. Ilé kọ̀ọ̀kan yóò ní ìlẹ̀kùn kan tó ṣí sí àgbàlá, ìlẹ̀kùn náà kò sì gbọdọ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí wọ́n bá fìyà jẹ nínú ilé rẹ̀ yóò kọ́kọ́ sọ fún olórí ilé tirẹ̀. Bí olórí ilé kò bá gbọ́ tirẹ̀, yóò gba ìlẹ̀kùn náà jáde, yóò jókòó sórí àga gígùn tó wà láàárín àgbàlá, àwọn àgbà láti ilé gbogbo yóò sì wá gbọ́ ọ. Àgbà tó bá wá láti ilé ẹni náà kò ní bá wọn dá ẹjọ́ ọ̀hún. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fa ẹni náà padà wọlé.

Mo fẹ́ kí o ṣàkíyèsí ohun kan níbí yìí. Kò sí alágbára tó fi ipá mú wọn ṣe é. Àwọn olórí ilé fúnra wọn ni wọ́n gbẹ́ ihò sára ògiri tiwọn, kí ẹni tí àwọn tìkára wọn bá ṣẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde. Bí mo bá ń ka iṣẹ́ ọlá tí ọmọ ènìyàn ti ṣe, n óò ka ìyẹn mọ́ ọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá Ládàpọ̀ gba ìlẹ̀kùn náà jáde. Àwọn obìnrin ilé rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pè é lábẹ́lẹ̀. "Ìyá, ẹ padà wálé. Ẹ ń tú àṣírí wa síta." Kò bojú wẹ̀yìn. Ó jókòó, ó sì tẹ́ aṣọ rẹ̀ dáadáa lé orókún, bí ẹni tó wá sí ilé àna.

Àwọn àgbà péjọ. Baálé náà wá nínú aṣọ funfun, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì tò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ kankan, olórí ilé kọ̀ọ̀kan yóò dìde, yóò sọ ohun kan tí ilé rẹ̀ ń ṣe dáadáa, kí ó lè rántí ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ọ̀kan sọ bí ilé rẹ̀ ṣe ń tọ́jú àwọn aláìsàn. Òmíràn ní kò sí arúgbó tó ń dá jẹun nínú ilé òun. Nígbà tó kan baálé, ó nawọ́ sí géètì ilé rẹ̀.

"Gbogbo yín lẹ mọ ilé mi," ni ó wí. "Ewúrẹ́ kan kò lè gba géètì mi jáde kí wọ́n má sọ fún mi. Àlejò kan kò lè sùn níbẹ̀ kí n má mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ilé nìyẹn. Kí ẹ̀yin náà wá kọ́ ọ."

Àwọn ènìyàn rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ó jókòó.

Wọ́n ní kí ìyá náà sọ̀rọ̀. Kò sunkún. Ó sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ ní ìpàdé ilé, ó sọ bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣe wá pè é, ó sì sọ iye ibi tí òun ti béèrè rẹ̀. Ó ní òun kò wá gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun fẹ́ mọ ibi tí ọmọ òun wà.

Baálé rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ló rí mi pé mo fọwọ́ kàn án? Kí ó mú ẹlẹ́rìí wá. Bí ó bá ní ọmọ òun ti kú, kí ó gbé òkú wá ká rí i." Ó wá yíjú sí àwọn àgbà. "Nítorí ọ̀wọ̀ tí mo ní fún yín ni mo ṣe wá síbí. Àbí ẹ̀yin tí òrùlé yín ń jò lẹ fẹ́ wá bá mi tún ilé mi ṣe?"

Olórí ilé tó kéré jù lọ nínú gbogbo àwọn ilé náà ló dá a lóhùn, obìnrin arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn.

"Òótọ́ ni, Baálé, òrùlé mi ń jò," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí òjò ń pa lábẹ́ rẹ̀, mo lè sọ ibi tí kálukú wọn wà báyìí."

Ẹ̀rín sọ láàárín èrò. Ìyá arúgbó náà kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé ewúrẹ́ kan kò lè jáde kí ẹ má mọ̀. A gbà yín gbọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìlẹ̀kùn àgbàlá ló gbà ni, à bá ti rí i. Ọ̀nà wo ni Ládàpọ̀ gbà jáde, Baálé? Ta ló sì wà ní géètì lọ́jọ́ náà?"

Bí baálé bá ní Ládàpọ̀ jáde, àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ní láti mọ ìgbà tó jáde àti ibi tó kọrí sí. Bí ó bá ní kò jáde, a jẹ́ pé inú ilé ló ṣì wà. Ó wo àwọn ẹ̀ṣọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Àwọn àgbà fikùn lukùn, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní, "Ìyá kọ́ ni yóò wá òkú wá. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ẹni tó wà nínú ilé wà. Bí kò bá sọ ọ́, òun ló jẹ̀bi. Kí baálé fi ọmọ náà han ìyá rẹ̀, ní ààyè tàbí ní òkú. Kí ó dúró níwájú ilé rẹ̀, kí ó sọ ohun tí wọ́n ṣe. Kí ó sì tún ìṣètò ilé rẹ̀ ṣe, kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn."

Baálé dìde. "Mo ti kúrò nínú májẹ̀mú yín. Lónìí yìí ni n óò ní kí wọ́n di ìlẹ̀kùn yẹn pa."

"Ẹ lè kúrò," ni ìyá arúgbó náà wí. "A kò fi okùn so yín. Ṣùgbọ́n inú májẹ̀mú lẹ wà nígbà tí ọmọ yìí sọnù. Ẹ kọ́kọ́ dáhùn èyí ná."

Baálé wọlé, ó ránṣẹ́ pe àwọn bíríkìlà ilé. Àwọn tó ti bá Ládàpọ̀ gun àkàbà ni wọ́n. Wọ́n dé ibi ìlẹ̀kùn náà, wọ́n wò ó. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, Baálé," ni ó wí. "Èmi náà bímọ. Mi ò lè di ìlẹ̀kùn tí èmi fúnra mi lè nílò lọ́la."

Àwọn tó kù gbé irin iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn àgbà àgbàlá kò ní ẹ̀ṣọ́, wọn kò sì ní ohun ìjà. Ohun tí wọ́n ní kò ju ìbéèrè lọ. Bí baálé bá lọ kí ẹnì kan kú ewu ọmọ, wọn yóò fún un lága, wọn yóò bu omi fún un, wọn yóò wá bi í pé, "Ládàpọ̀ ńkọ́?" Bí ó bá lọ sí ilé òkú, wọn yóò bi í. Gbogbo ìgbà tí àgbàlá bá péjọ, ìbéèrè yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohun mìíràn. Àwọn àna rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì bi í.

Ó pẹ́. N kò ní purọ́ fún ọ pé kò pẹ́. Irun orí ìyá náà di funfun níbi tó ti ń retí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé tí baálé pe gbogbo ilé jọ sí iwájú ìta, tí ó sì dúró láìsí ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Ládàpọ̀, ọmọ ilé yìí, béèrè ohun tó tọ́ kí ó béèrè. Èmi ni mo ní kí wọ́n mú un. Wọ́n lù ú, ó sì kú mọ́ wa lọ́wọ́. Mo parọ́ fún ìyá rẹ̀."

Ó mú wọn lọ sí ẹ̀yìn àká àtijọ́, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì gbé òkú ọmọ náà jáde láti tún un sin. Àṣà wa ni pé ìyá kì í dé ibi tí wọ́n bá ti ń sin ọmọ rẹ̀. Ìyá Ládàpọ̀ ní òun yóò dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì dá a dúró. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi sin ín tán. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí àwọn ènìyàn.

"Wọ́n ní ó rìnrìn àjò," ni ó wí. "Kò lọ sí ibì kankan. Ilé ló wà."

Àwọn kan rò pé ojú yóò máa ti àwọn ará ilé ńlá náà láti ọjọ́ yẹn lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣí kànga fún gbogbo ènìyàn láti àfẹ̀mọ́jú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò tún mú ẹnikẹ́ni lọ mọ́ láìsọ ibi tí wọ́n ń mú un lọ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé náà sì ń gbé orí wọn sókè nínú àgbàlá, nítorí pé ilé tiwọn ni wọ́n ti sọ òótọ́ tó ṣòro jù lọ láti sọ.

Ìdí tí mo fi pa àkàwé yìí fún ọ nìyí. Àwọn agbo-ilé yẹn dà bí àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti àríwá títí dé gúúsù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n péjọ sí ìlú Bogotá, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹ̀tọ́ ènìyàn kì í ṣe ohun tí ìjọba fi ń ta á lọ́rẹ, nítorí pé ó jẹ́ ènìyàn ló ṣe ní in. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí yóò máa gba ẹ̀sùn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ilé ẹjọ́ kan kalẹ̀ sí San José, ní orílẹ̀-èdè Kòsítá Ríkà. Ẹni tí kò bá rí ìdájọ́ òdodo gbà ní ilé lè gba ibẹ̀ lọ. Àwọn ẹbí ẹni tí sójà mú lọ tí wọn kò rí mọ́ ti gba ibẹ̀ lọ. Àwọn ará ìbílẹ̀ tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ti gba ibẹ̀ lọ. Àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó kúrò ní etí òkun tiwa yìí, tí wọ́n fi ṣe ẹrú lọ́hùn-ún, náà ti gba ibẹ̀ lọ, wọ́n sì ti jàre. Àwọn ìjọba tó ní ọkọ̀ ogun ti dìde níwájú ìyá tí kò ní ju orúkọ ọmọ rẹ̀ lọ, wọ́n sì ti tọrọ àforíjì. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ibẹ̀ ló gbà kí ilé ẹjọ́ náà dá ẹjọ́ wọn. Àwọn kan gbà, wọ́n tún yí ohùn padà. Àwọn ìdájọ́ kan sì wà tí wọn kò tíì mú ṣẹ. Síbẹ̀ ọ̀nà náà ṣí, wọ́n sì ń béèrè.

Àbúrò mi, ìwọ ni ẹbí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ olórí. Láti àná ni o ti ń bínú pé ìyàwó ilé wa gbé ọ̀rọ̀ òun àti ọkọ rẹ̀ lọ bá àwọn àgbà àdúgbò. O ní ó dójú tì wá. Ìwọ ni ó kọ́kọ́ sọ fún, o sì ní kí ó máa ṣe sùúrù. Ó padà wá bá ọ pẹ̀lú ọgbẹ́ lójú, o tún sọ ohun kan náà. Kò yẹ kí o máa bi mí pé ta ló ní kí ó jáde.

Àwọn àgbà ń retí rẹ ní ìrọ̀lẹ́ òní. Dá lọ. Jókòó sí ibi tí wọ́n bá ní kí o jókòó sí, kí o jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè, sọ bó ṣe rí. Ohun tí wọ́n bá ní kí o ṣe, ṣe é lójú gbogbo ilé, kí àwọn ọmọbìnrin ìdílé wa lè máa fi orúkọ rẹ yangàn níbikíbi tí wọ́n bá lọ sílé ọkọ.